Bí a ṣe ń mú sípíkà bá áńpù gìtá onífáàfù àtijọ́ mu

Ohun tó ń pa áńpù onífáàfù, èyí tó ń fi fáàfù onígíláàsì tó ń gbóná ṣiṣẹ́ dípò tiransísítọ̀, lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Òfin áńpù tiransísítọ̀ tí a ń lò fún un ló ń pa á. Ẹnikẹ́ni tó bá ti to ẹ̀rọ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lójú agbo ló mọ òfin yẹn: óòmù (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) tó ga kò léwu, èyí tó kéré jù ló ń jó áńpù, bí kò bá sì sí sípíkà lẹ́nu rẹ̀ rárá, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Òótọ́ ni, fún tiransísítọ̀. Bí ẹ bá gbé òfin yìí lọ sídìí áńpù Fender, Marshall tàbí Vox àtijọ́, tiransífọ́mà tó wà láàárín fáàfù àti sípíkà ni ẹ ó fi san án. Tiransífọ́mà ọ̀hún kì í sì í ṣe ohun tí ẹ ó bọ́ sí ọ̀nà Táíwò láàárọ̀ kí ẹ gbé e dé ní ọ̀sán. Òkè òkun ni yóò ti wá, ó wúwo, owó ọkọ̀ rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọjà.

Ọmọ Òró ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń tún ẹ̀rọ orin ṣe. Ìlọrin ni ìlú dàdàkúàdà, ìlù àti ẹnu ló fi ń ṣe tirẹ̀, gìtá ò sí nínú rẹ̀. Láti Ọ̀ffà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán ni ọ̀pọ̀ áńpù gìtá ti ń wá bá mi. Àgbà olórin jùjú tó fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti túká. Onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti London. Ọmọ yunifásítì tó rí i rà láàárín ẹrù tòkunbọ̀. Mo fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ yìí gan-an. Bí ẹ bá rọra ta okùn, wọ́n á rọra dáhùn. Bí ẹ bá ta á tagbára-tagbára, ohùn á ki, á wú, á sì wá ha díẹ̀ láìdun etí. Mo fẹ́ kí wọ́n pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Alárinà tó wà nínú áńpù

Ìdílé méjì ló wà nínú áńpù onífáàfù tí ìwà wọn kò bára mu. Àwọn fáàfù ńlá tó gbẹ̀yìn, fóòtì wọn pọ̀: 300, 400, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣàn gba inú wọn kéré. Sípíkà ní tirẹ̀ kò bìkítà fún fóòtì púpọ̀, iná tó ń ṣàn ló fẹ́. Alárinà tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn ni tiransífọ́mà sípíkà. Tiransífọ́mà ńlá méjì tó hàn ló sábà máa ń wà lórí irin áńpù: èyí tó tóbi jù ń gba iná ògiri, èkejì ni alárinà yìí.

Kì í dá ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ sọ. Iye óòmù tí ẹ bá gbé sí ọ̀dọ̀ sípíkà ni yóò sọ di púpọ̀, tí yóò sì gbé dé ọ̀dọ̀ fáàfù. Bó ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀ rèé: ẹ wo ìlọ́po tí yíyí wáyà apá fáàfù fi pọ̀ ju ti apá sípíkà lọ, kí ẹ sì fi iye náà lọ́po ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 20 sí 1, 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400. Sípíkà 8 óòmù á di 3,200 lójú fáàfù. Ti 16 á di 6,400. Ti 4 á di 1,600. Nítorí náà, «8 óòmù» tí wọ́n kọ sẹ́yìn áńpù kì í ṣe ìwọ̀n tiransífọ́mà fúnra rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé, ẹ gbé 8 síbí, fáàfù á sì rí ohun tí ẹni tó ṣe áńpù fẹ́ kó rí.

Fáàfù kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó fẹ́. EL84 méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ń fẹ́ bí 8,000 óòmù. EL34 méjì ń fẹ́ bí 3,400. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ìdajì rẹ̀ ni, 1,700. 6L6 méjì nínú Fender àtijọ́ ń fẹ́ bí 4,000.

Bí óòmù sípíkà bá kéré ju ohun tí áńpù ń retí, iná á máa ṣàn jù nínú fáàfù, fáàfù á gbóná, á tètè gbó. Bí ó bá ga jù, fóòtì ni yóò máa fò sókè nínú tiransífọ́mà. Bí ẹ bá wá ń ta gìtá tí kò sì sí sípíkà lẹ́nu áńpù rárá, agbára tó ti wà nínú irin tiransífọ́mà kò ní rí ọ̀nà jáde, fóòtì á sì gun ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Yóò fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù. Ẹ tú irú áńpù bẹ́ẹ̀ wò, ẹ ó rí ojú ipa dúdú tín-ín-rín láàárín ihò méjì níbi tí iná ti jó ọ̀nà fún ara rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà yẹn ni yóò máa gbà títí ẹ ó fi pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sì gba ibẹ̀, ó lè lu fáníìṣì tó bo wáyà inú tiransífọ́mà, kí ọ̀ràn parí síbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe Fender mọ èyí. Nínú ọ̀pọ̀ áńpù wọn àtijọ́, bí wáyà sípíkà bá yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, ẹnu méjèèjì ihò náà á fara kan ara wọn fúnra wọn. Áńpù onífáàfù lè fara da kí ẹnu rẹ̀ pàdé fún ìgbà díẹ̀ ju kó ṣí sílẹ̀ lọ. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ti ń to ẹ̀rọ tipẹ́: ohun tó ń pa tiransísítọ̀ lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dáàbò bo onífáàfù.

Wọ́n máa ń bi mí pé, bí kò bá bára mu gẹ́gẹ́, ṣé kò ní lè ṣiṣẹ́ ni? Yóò ṣiṣẹ́. Fender àtijọ́ máa ń gba ìlọ́po méjì sókè tàbí ìdajì nísàlẹ̀ láìsí wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n Marshall tó ní EL34, tí ẹ sì fẹ́ tẹ̀ dé òkè, n kò jẹ́ gbé sípíkà tí óòmù rẹ̀ ga ju èyí tí súìṣì óòmù ẹ̀yìn áńpù náà wà lórí rẹ̀ lọ sí i. Bí ó bá di dandan pé kó yẹ̀ sí apá kan, apá kékeré ni mo máa ń yàn, nítorí fáàfù ṣeé fà yọ kí a fi òmíràn sí i, tiransífọ́mà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà, òde alẹ́ kan ni mo ń sọ, kì í ṣe bí a ó ṣe máa lò ó lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí áńpù fẹ́

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tí mo sábà máa ń rí rèé. Twin Reverb, tí Fender bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1963, ń fẹ́ 4 óòmù: sípíkà 8 méjì tí wọ́n so fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ (pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù) ló wà nínú rẹ̀. Deluxe Reverb ń fẹ́ 8. Super Reverb ń fẹ́ 2, nítorí sípíkà 8 mẹ́rin ló gbé. Marshall olórí-lọ́tọ̀, tí àpótí sípíkà rẹ̀ dá dúró, sábà máa ń ní súìṣì tí wọ́n kọ 4, 8 àti 16 sí. Bí ẹ bá rí sípíkà Celestion àtijọ́ tí wọ́n kọ 15 óòmù sí lára, 16 ni kí ẹ kà á sí.

Súìṣì Marshall yìí gba ìṣọ́ra. Nínú àwọn tó ti pẹ́, irin inú rẹ̀ á ti dọ̀tí, á ti dẹ̀, ó sì lè dà bíi pé ó wà lórí 16 nígbà tí kò kan ohunkóhun. Áńpù ti ṣí ẹnu sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe yí i nígbà tí áńpù wà lórí iná. Ẹ nù ún dáadáa. Bó bá sì jẹ́ àpótí sípíkà kan ṣoṣo ni ẹni tó ni ín ń lò, mo máa ń gbà á níyànjú pé ká fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà rẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ, ká yọ súìṣì kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ihò kejì ẹ̀yìn Fender, èyí tó wà fún àpótí àfikún, fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti inú. Bí sípíkà 8 bá wà nínú, tí ẹ tún ki 8 mìíràn bọ ihò yẹn, 4 lẹ fún un.

Ẹ má gba ìwé ara sípíkà gbọ́

Lọ́dọ̀ tiwa, sípíkà kì í kú. Bí kọ́ìlì rẹ̀ (wáyà tí wọ́n yí sí ìdí páálí rẹ̀) bá jó, a ó gbé e lọ fún àwọn tó ń yí kọ́ìlì, wọ́n á fi kọ́ìlì tuntun àti páálí tuntun sí i, ó tún di sípíkà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọn yóò fi sí i, 8 óòmù ló sì wọ́pọ̀ jù, nítorí òun ni àwọn sípíkà òde ń lò. Ìwé ẹ̀yìn mágínẹ́ẹ̀tì kò ní yí padà, 16 ni yóò ṣì máa pè.

Nítorí náà, mítà. Èyí tó kéré owó jù lọ́jà tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ yọ wáyà kan kúrò lára sípíkà kí ó má baà jẹ́ pé ti ẹnìkejì rẹ̀ lẹ̀ ń wọ̀n mọ́ ọn. Ẹ gbé mítà sí ipò óòmù tó kéré jù, ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn kí ẹ mọ iye tí wáyà mítà fúnra rẹ̀ ń kà, kí ẹ sì yọ ìyẹn kúrò. Ẹ wá gbé e lé ẹnu sípíkà. Iye tí ẹ ó rí yóò kéré ju ti ìwé lọ, kò sì burú: wáyà nìkan ni mítà ń wọ̀n, nígbà tí ti ìwé jẹ́ ti ìgbà tí orin ń gba inú rẹ̀ kọjá. Sípíkà 4 máa ń ka 3 sí 3.5. Ti 8 máa ń ka 5.5 sí 7. Ti 16 máa ń ka 11 sí 14. Nígbà tí ọ̀pá mítà ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì rọra ti páálí sípíkà wọlé láti àárín, lọ́gbọọgba. Òǹkà mítà á gbọ̀n díẹ̀, nítorí kọ́ìlì ń rìn nínú mágínẹ́ẹ̀tì. Bí ìka yín bá mọ̀ pé nǹkan ń ha bí páálí ṣe ń lọ, kọ́ìlì ti ń kan irin, ẹ má tíì gbé sípíkà yẹn síbi iṣẹ́.

Àpótí onísípíkà mẹ́rin kan wá bá mi láti Òmù-Àrán. Olórí ẹgbẹ́ tó ni ín sọ fún mi pé: «Àbúrò, sípíkà ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún yìí ń gbóná, ó sì ń rùn. Ti òkè rẹ̀ ni wọ́n yí kọ́ìlì rẹ̀ o, èyí kò tíì jó rí.» Mo ní, «Ẹ jẹ́ ká wò ó, bàbá.» Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n kọ 16 sí. Mo wọ̀n ọ́n láti ẹnu ihò àpótí, ó ka 10.9. Ẹni tó ń kánjú á ní 16 náà ni, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo tú ẹ̀yìn, mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: 12.8, 12.6, 12.9, àti 6.1. Èyí tí wọ́n yí kọ́ìlì rẹ̀ ló ka 6.1. 8 ni wọ́n fi sí i.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń fà. Méjì-méjì ni wọ́n so tẹ̀léra (iná á gba inú ọ̀kan kọjá kó tó dé èkejì) nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá so ẹgbẹ́ méjèèjì fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Ẹgbẹ́ kan jẹ́ 16 àti 16, ìyẹn 32. Ẹgbẹ́ kejì jẹ́ 16 àti 8, ìyẹn 24. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ wá jẹ́ bí 13.7, tí kò jìnnà sí 16, áńpù kò ní ráhùn. Ṣùgbọ́n bí 50 wáàtì bá wọlé, sípíkà méjì ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ á gba bí 11 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n yí kọ́ìlì rẹ̀ á gba bí 9.5, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á sì gba 19. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló ń ru ẹrù. Bàbá náà gbọ́ òórùn dáadáa, kò sì sí ẹni tí ì bá mọ ibi tó ti ń wá láìtú ẹ̀yìn àpótí. Mo ní kí wọ́n dá sípíkà òkè padà fún ẹni tó ń yí kọ́ìlì, kí wọ́n sì dúró títí yóò fi rí kọ́ìlì 16.

Síso ó pọ̀

Tẹ̀léra ni pé pósítíìfù ti èkejì so mọ́ nẹ́gétíìfù ti àkọ́kọ́, iná á gba inú ọ̀kan kọjá kó tó dé èkejì. Ẹ ro óòmù wọn pọ̀: 8 àti 8 jẹ́ 16. Fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ni pé pósítíìfù so mọ́ pósítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ fi iye wọn pín óòmù ọ̀kan: 8 méjì jẹ́ 4, 16 mẹ́rin jẹ́ 4. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ méjèèjì, ẹ fi àròpọ̀ wọn pín in: 8 lọ́nà 16 jẹ́ 128, 8 àti 16 jẹ́ 24, ìdáhùn jẹ́ 5.3. Níbẹ̀, sípíkà 8 ló ń gba ìlọ́po méjì agbára tí 16 ń gbà. N kì í fẹ́ pa óòmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, kódà bí ìṣirò bá jáde rere.

Tẹ̀léra ní àbùkù kan tí onífáàfù ń bẹ̀rù: bí kọ́ìlì ọ̀kan bá já, gbogbo rẹ̀ já, áńpù sì ti wà láìní sípíkà nìyẹn. Bí mo bá ní àǹfààní láti yàn, fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ni.

Kí ẹ tó dì í pa, ẹ mú bátìrì 1.5 fóòtì, irú ti tọ́ọ̀ṣì. Pósítíìfù bátìrì sí pósítíìfù sípíkà, kí ẹ kàn án ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ sì wo páálí. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fò síwájú pọ̀. Bí ọ̀kan bá fò sẹ́yìn, ẹ yí wáyà rẹ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn ìsàlẹ̀ gìtá á sá lọ, ẹ ó sì máa bá áńpù jà láìnídìí. Àwọn sípíkà JBL àtijọ́, tiwọn máa ń fò sẹ́yìn láti ilé iṣẹ́, nítorí náà ẹ gba ojú yín gbọ́ ju àmì pupa ara rẹ̀ lọ.

Nípa wáàtì, ẹ fi àyè sílẹ̀. Áńpù onífáàfù 50 wáàtì tí ẹ bá tẹ̀ dé òkè lè tú 70 jáde. Àròpọ̀ wáàtì sípíkà yín kí ó tó ìlọ́po méjì ti áńpù, pàápàá bí sípíkà bá jẹ́ ẹyọ kan.

Wáyà

Ibí yìí ni mo ti máa ń bínú díẹ̀. Wáyà gìtá àti wáyà sípíkà jọra lójú, jáàkì kan náà ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi ti gìtá so orí áńpù mọ́ àpótí. Ẹ gé wáyà gìtá wò: okùn bàbà tín-ín-rín kan ló wà láàárín, èyí tó kù jẹ́ àwọ̀n tó yí i ká. Agbára áńpù á mú un gbóná, ike á yọ́, bí ó bá sì já lójú agbo, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá tiransífọ́mà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò iná, ẹ ra wáyà rọ̀bọ̀tọ̀ olókùn méjì 1.5mm, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ jáàkì onírin méjì tó dára. Ẹ fà á wò lẹ́yìn tó bá tutù. Ẹ wá we téèpù aláwọ̀ kan mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà fi gbé gìtá, kí wọ́n má sì fi ti gìtá rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí n sọ nítorí ibi tí a ń gbé: sípíkà onífèrè, irú èyí tí ẹ ń rí lókè òpó mọ́sálásí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní tiransífọ́mà kékeré nínú, fún ẹ̀rọ tó ń lo ìlà 100 fóòtì. Èyí tó jẹ́ 30 wáàtì lórí ìlà yẹn jẹ́ bí 333 óòmù. Lójú áńpù gìtá onífáàfù, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pé kò sí sípíkà rárá. Ẹ má gbé e súnmọ́ ọn. Àpótí òde onísípíkà 15 íǹṣì tó jẹ́ 8 óòmù kò ní ba áńpù jẹ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n fèrè òkè rẹ̀ máa ń mú ohùn gìtá tó ha di ohun tó ń gún etí. Sípíkà gìtá gidi kì í gbé ohùn òkè tó bẹ́ẹ̀, àǹfààní rẹ̀ sì nìyẹn.

Bí kò bá sí ẹni tó mọ ohun tí tiransífọ́mà fẹ́

Ìwé ẹ̀yìn áńpù lè ti parẹ́, tàbí kí ẹnìkan ti pààrọ̀ tiransífọ́mà nígbà kan rí. A lè wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tú áńpù onífáàfù rí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ní abala yìí. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè gbé 400 fóòtì dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ lo rẹsístọ̀ 10,000 óòmù tó jẹ́ 5 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ ti fi ike bo wáyà rẹ̀, láti fi tú agbára inú kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan dànù sára irin áńpù. Ọwọ́ kan ni kó ṣiṣẹ́, èkejì kó wà lẹ́yìn yín. Ẹ fi mítà wò ó títí yóò fi rẹlẹ̀ ju 10 fóòtì lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ kó gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ yọ gbogbo fáàfù. Ẹ yọ sípíkà náà. Wáyà méjì ló ń ti tiransífọ́mà sípíkà lọ sẹ́sẹ̀ fáàfù ńlá, ọ̀kan sì ń lọ síbi iná gíga láti àárín. Nínú Fender, búlúù àti búráùn ni ti fáàfù, pupa ni ti àárín. Ẹ wá tiransífọ́mà kékeré tó ń fúnni ní 12 fóòtì AC, ẹ so ó mọ́ búlúù àti búráùn. Ẹ wọ̀n fóòtì AC tó jáde ní ẹnu sípíkà. Ká ní ó jẹ́ 0.38. Ẹ fi 0.38 pín 12, ó jẹ́ 31.6. Ẹ fi lọ́po ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1,000. Bí fáàfù yín bá jẹ́ EL84 méjì tó ń fẹ́ 8,000, 8 óòmù ni sípíkà rẹ̀. Bí ẹnu sípíkà bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ wọ̀n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe dojú rẹ̀ rú o: bí ẹ bá gbé 12 fóòtì náà sí apá sípíkà, bí 380 fóòtì ni yóò yọ ní apá kejì, ní ibi tí ọwọ́ yín lè wà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan án

Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ 117 tàbí 120 fóòtì sí, ẹ gbé e sórí tiransífọ́mà tó ń sọ iná wa kalẹ̀. Fún Twin Reverb, kó má ṣe kéré sí 500 wáàtì. Ẹ má sì tan án lórí jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń fò sókè sódò.

Sípíkà ni kó kọ́kọ́ wọlé, púlọ́ọ̀gì ògiri tẹ̀lé e. Ẹ tan án, ẹ fi í sílẹ̀ lórí súìṣì ìdúródè (standby) fún ìṣẹ́jú kan kí fáàfù gbóná, kí ẹ tó ṣí i, pẹ̀lú ohùn ní òdo. Ẹ pa gílóòbù yàrá, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn áńpù. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú ní àárín fáàfù dára. Àwọ̀ búlúù tó ń rábàbà lórí gíláàsì rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí irin gbọọrọ tó wà nínú fáàfù ńlá bá bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ẹ ta okùn tó nípọn jù, jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi etí lé sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Bí ohùn bá ṣàdédé lọ nígbà tí ẹ ń ta, ọwọ́ kúrò lórí okùn kíá, ohùn sí òdo, súìṣì ìdúródè, lẹ́yìn náà ẹ wá wádìí wáyà. Ẹ má ṣe máa ta á láti mọ̀ bóyá yóò padà. Fún àwọn tó ń gbé áńpù káàkiri òde, mo sábà máa ń jó rẹsístọ̀ 470 óòmù, 10 wáàtì, mọ́ ẹnu sípíkà nínú áńpù. Kò yí 8 óòmù padà lójú fáàfù, ṣùgbọ́n bí wáyà bá yọ, tiransífọ́mà á rí nǹkan díẹ̀ dì mú. Kì í ṣe ààbò pátápátá, ó kàn ń ra àkókò fún yín láti dé ibi súìṣì.

Ẹ ta á fún wákàtí kan ní ohùn tí ẹ máa ń lò. Ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ gbé ọwọ́ lé òkè tiransífọ́mà sípíkà láti òde: kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má jó ọwọ́, kí ó má sì rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú máákà, ẹ kọ ọ́ sórí téèpù funfun, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí: iye tí sípíkà kọ̀ọ̀kan kà lórí mítà, bí ẹ ṣe so wọ́n pọ̀, àpapọ̀ óòmù, àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá yí kọ́ìlì kankan padà, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì fi téèpù tuntun lé ti àtijọ́.